Dígí Ni, Kì í Ṣe Dáyámọ́ǹdì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń fi aṣọ rírọ̀ nu àpótí onídígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lókè òkun, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ló sì ń ró wọnjanwọnjan ní bẹ́líìtì rẹ̀. Inú àpótí yẹn ni eegun ọkùnrin kan wà. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ sẹ́dà, wọ́n dé e ládé, wọ́n sì to òkúta pupa àti aláwọ̀ ewé sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á fò sẹ́yìn ni.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá bá a lọ́jọ́ náà, ó gbé fóònù dání láti ya fídíò. Ilé iṣẹ́ ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń bá ṣiṣẹ́. Alákọlé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí òun ló ń fún ìròyìn wọn lákọlé.

"Bàámi, ẹ ṣàlàyé ẹni yìí fún wa."

Inú bàbá dùn débi pé ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ó ti tó irinwó ọdún tí wọ́n gbé e wá láti ibojì abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó gbé e wá gbà pé wọ́n pa á nítorí ìgbàgbọ́ ẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀ gan-an. Àwọn sísítà ló fọwọ́ rán gbogbo ọ̀ṣọ́ yìí, kí wọ́n lè fi bọlá fún un. Àmọ́ dígí ni o! Kò sí dáyámọ́ǹdì kankan níbẹ̀. Bàbà ni wáyà tí wọ́n fi so wọ́n, wúrà tí wọ́n fi kùn ún ò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ."

"Áà, Bàámi, ẹ ti bà á jẹ́!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá rẹ̀ lọ́fíìsì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ta ló fẹ́ wo dígí? Gé ibẹ̀ kúrò."

Alákọlé mọ̀ pé kò dáa. Síbẹ̀ ó gé e, ohun tí ò tó ìṣẹ́jú kan, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sókè: "WỌ́N PA Á, WỌ́N FI DÁYÁMỌ́ǸDÌ BO EEGUN RẸ̀: ÀṢÍRÍ TÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ Ń FI PAMỌ́!" Ẹ gbà mí o! Gbólóhùn kan, irọ́ méjì, àti ohun kan tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mílíọ̀nù méjì èèyàn ti wò ó, gbogbo ọ́fíìsì sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Bàbá pè é lọ́jọ́ kejì. "Ọmọ mi, ibi tí mo ti sọ pé dígí ni dà? Àwọn kan ti ń wá bi mí pé èló ni wọ́n lè tà á. Ojú wọn ò dáa. Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, Bàámi. Àwọn èèyàn ṣì ń wò ó."

Ní ọ̀la ọ̀hún, lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin méjì gbé òòlù wọlé nínú báàgì. Obìnrin kan tó ń gbàdúrà lẹ́yìn ló rí gbogbo rẹ̀. Bàbá na apá méjèèjì síwájú àpótí, ó ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, dígí ni!"

"Irọ́ lò ń pa. A ti wo fídíò ẹ." Wọ́n tì í, orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀ olókùúta. Wọ́n fọ́ àpótí náà, wọ́n sì kó ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ lọ.

Kò lajú mọ́. Ọjọ́ kẹta ló kú sí ọsibítù. Àwọn ọlọ́pàá mú àwọn méjèèjì nílé ẹni tó ń ra góòlù, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún wọn pé ẹrù wọn ò já mọ́ nǹkan kan.

Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà wá sílé wọn, ó ní òun fẹ́ wo fídíò tí wọn ò tíì gé. Ó sọ fún Alákọlé pé, "Ọ̀gá yín ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Orúkọ tìẹ ló wà lábẹ́ ẹ̀."

Alákọlé tan fídíò náà níṣojú ìyá rẹ̀. Ohùn bàbá jáde, ó ṣe kedere: "Àmọ́ dígí ni o!"

Ìyá gbórí sókè. "Ó sọ ọ́ fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"O sì gé e?"

Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá dìde. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Alákọlé báyìí, ẹjọ́ sì wà ní kóòtù. Ó ṣe fídíò mìíràn, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó tọrọ àforíjì. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn péré ló wò ó.

Ìwọ tí ò ń kà á, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Bí ìròyìn ohun àtijọ́ bá já lu fóònù rẹ, tó ń pariwo àṣírí, dúró ná. Ta ló kọ ọ́? Ṣé ó bi ẹni tó mọ̀? Ṣé ohun tó wà nínú rẹ̀ bá àkọlé mu? Wá ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn sọ nípa rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lò ń kọ ọ́, má gé òótọ́ kúrò torí pé kò dùn tó.

Fídíò àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà níta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí ò mọ nǹkan kan fi ránṣẹ́ sáàárín àwọn aládùúgbò lórí fóònù, opó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sì ṣí i kó tó mọ ohun tó jẹ́. Bó bá dé ọwọ́ tìrẹ, jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.