Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Kò Rí Sọ

Ìpò Kìíní ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọkùnrin yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Ẹ má wulẹ̀ bi í bó ṣe ń rí máàkì. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tó ń dáhùn ìbéèrè nínú fóònù ló ń bá a kàwé, fóònù ló ń bá a kọ̀wé; iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó kọ orúkọ sókè ìwé lọ.

Lọ́dún kẹta, olùkọ́ pín aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ọjọ́ méje ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó ti ẹni tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kó máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Bàbá télọ̀ kan ló kan Ìpò Kìíní.

Ọmọkùnrin náà yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi."

"Mò ń bọ̀, bàbá."

Kò padà. Orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló dùbúlẹ̀ sí tó ní kí fóònù kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje jáde. Fóònù kọ ọ́, ó dùn ún kà, máàkì sì pé. Kí máàkì náà tó jáde, bàbá ti kú.

Lóṣù kejì, ọmọbìnrin bàbá wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́fà lòun àti bàbá rẹ̀ fi bínú síra wọn, ọlọ́jọ́ sì ti mú bàbá lọ kó tó dé. Olùkọ́ fún un ní ìwé náà. Bó ṣe ń kà á ló ń sunkún.

"Àbúrò, ṣé bàbá mi sọ lóòótọ́ pé òun ti dárí ji gbogbo ọmọ òun?" Ó di ọwọ́ Ìpò Kìíní mú. "Ọlọ́run á bá mi san ọ́ lóore."

Ìpò Kìíní mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, Ìpò Kìíní kì í fẹ́ jẹun mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tó jẹ́ pé agbára káká ló fi ń páàsì, ló bi í títí tó fi jẹ́wọ́.

"Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé mi. Obìnrin yẹn ńkọ́? Ìtùnú kan ṣoṣo tó ní nìyẹn."

"Ayédèrú ìtùnú ni, ọ̀rẹ́ mi. Jésù ò bèèrè máàkì lọ́wọ́ rẹ. Ó kú fún ọ, ìwọ gan-an ló sì ń pè. Bó o ṣe wà yẹn ni kó o wá."

Ó kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé, ó sì fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Lọ́jọ́ kejì ó lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Irọ́ ni mo kọ. Mi ò sí níbẹ̀."

Obìnrin náà ká ìwé ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mẹ́rin. "Kí ni bàbá mi wá fẹ́ sọ?"

"Mi ò mọ̀, mà. Bàbá ní kí n jókòó, mi ò jókòó."

Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n lé e lóòótọ́. Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù yẹn ló ń nù báyìí. Bó bá ti ṣíwọ́, yóò fa àga sọ́dọ̀ aláìsàn tí kò lálejò, yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jésù ti dárí jì í, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí bàbá fẹ́ sọ ti bá bàbá wọlẹ̀ lọ, ó sì ń dùn ún títí dòní.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Iṣẹ́ wo lo fi orúkọ rẹ sí tí kì í ṣe tìrẹ? O lè sọ pé ìdánwò lásán ni. Jésù dúró tì ọ́ báyìí, ó ní kó o jókòó, òun ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọ sọ. Jọ̀wọ́, má sọ fún un pé ò ń bọ̀.