Lékèélékèé Ara Alùpùpù Bàbá Àgbà

Safurat jí. Ó bọ́jú. Ó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí Safurat máa ń kí láràárọ̀.

Ẹyẹ yìí kì í fò. Kì í jẹ kòkòrò. Lékèélékèé funfun ni, ara alùpùpù Bàbá Àgbà ló wà.

Màmá Àgbà ló fi ọ̀dà funfun kùn ún sára ike ẹ̀gbẹ́ alùpùpù náà. Ọrùn gígùn. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Ojú dúdú kan ṣoṣo.

"Nǹkan tí kò ní àmì," ni Màmá Àgbà máa ń wí, "ta ni yóò mọ ẹni tó ni ín?"

Iṣẹ́ igbá ni Màmá Àgbà ń ṣe. A máa fín igbá. Bí igbá bá sì sán, a máa fi okùn rán an pọ̀. Gígán igbá là ń pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ ọjà, Màmá Àgbà a di igbá sẹ́yìn alùpùpù. Bàbá Àgbà a jókòó síwájú. Safurat a jókòó sáàárín wọn.

Tùpù-tùpù-tùpù. Ó di Ọjà Akẹ̀sán.

Àwọn ọlọ́jà a gbójú sókè. "Lékèélékèé dé o. Ìyá Mashood, ẹ káàbọ̀."

Mashood ni bàbá Safurat. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Màmá Àgbà ní Ìyá Mashood.

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti kú. Nígbà òjò ni.

Láti ìgbà náà, alùpùpù kò lọ sí ọjà mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń wà. Bàbá Àgbà kàn máa ń fi aṣọ nù ún ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àkànkẹ́ ni Màmá Àgbà máa ń pe Safurat. Kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Lékèélékèé, ẹ káàárọ̀ o," ni Safurat wí.

Kò tíì wí i tán tí ewúrẹ́ Ìyá Mojísọ́lá, aládùúgbò wọn, fi já wọ ẹ̀yìnkùlé. Èèpo iṣu wà lẹ́nu ewúrẹ́. Àkùkọ ń lé e bọ̀.

Ewúrẹ́ sá sọ́tùn-ún. Àkùkọ sá sọ́tùn-ún.

Ewúrẹ́ sá sósì. Àkùkọ sá sósì.

Gbì. Ewúrẹ́ forí sọ alùpùpù.

Alùpùpù fì síhìn-ín. Alùpùpù fì sọ́hùn-ún. Gbàà. Ó ṣubú.

Ohùn kékeré kan sì tẹ̀lé e. Kẹ́.

Ike ẹ̀gbẹ́ ti sán. Ó sán gba ọrùn ẹyẹ kọjá. Orí ẹyẹ wà níhìn-ín. Ara ẹyẹ wà lọ́hùn-ún.

Bàbá Àgbà jáde. "Ṣé o ò fara pa?"

"Mi ò fara pa, Bàbá."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti sá lọ. Èèpo iṣu ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

Bàbá Àgbà gbé alùpùpù dìde. Ó wo ike náà. Ó wò ó pẹ́.

Ó ránṣẹ́ pe Mubaraq. Mubaraq ló ń bá wọn tún alùpùpù ṣe.

Mubaraq bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mi orí. "Bàbá, eléyìí ti lọ. Ẹ jù ú nù. Tí mo bá ń bọ̀ lọ́la, màá mú tuntun wá. Dúdú ni, ó ń dán bí dígí."

Safurat bi í pé, "Ṣé ẹyẹ wà lára tuntun?"

"Ẹyẹ kẹ̀? Ṣé ọgbà adìyẹ ni mo ti ń rà á ni?"

Mubaraq rẹ́rìn-ín. Safurat kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Mubaraq lọ tán, Safurat di ike náà mú. "Ẹ má jù ú nù, Bàbá."

"Ike ni, Safurat."

"Lékèélékèé ni."

Bàbá Àgbà tún wo ike náà. "Ó dáa. A ó gbìyànjú rẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Bí kò bá mú, Mubaraq yóò fi tuntun síbẹ̀."

Bàbá Àgbà tú ike náà sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹní. Ó gbé ike lé e.

Wọ́n fi gúlù sí i. Bàbá Àgbà di orí ẹyẹ mú. Safurat di ara ẹyẹ mú. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró pẹ́.

"Ó ti mú," ni Safurat wí.

Bàbá Àgbà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́.

Orí ẹyẹ wà níhìn-ín. Ara ẹyẹ wà lọ́hùn-ún. Ibi tó sán tilẹ̀ tún gùn sí i. Ó ti ń lọ bá ìyẹ́ ẹyẹ.

Wọ́n fi téèpù dì í. Wọ́n wé e, wọ́n wé e. Lékèélékèé wá dà bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Oòrùn ràn. Téèpù gbóná. Fàà. Téèpù ṣí.

Bàbá Àgbà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́.

Ó tún gùn sí i.

Bàbá Àgbà da ojú ike náà délẹ̀. "Kò mú, Safurat. Lọ mu omi."

Safurat wọ pálọ̀. Kò mu omi. Ó ń wo ògiri.

Igbá Màmá Àgbà ni wọ́n gbé kọ́ sí ògiri. Ó ti sán rí. Màmá Àgbà ló gán an. Ojú okùn tò lára rẹ̀ bí èèrà tó ń lọ sóko.

Bàbá Àgbà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igbá yẹn. Nítorí náà, Safurat kò fọwọ́ kàn án. Ojú ló fi ń wò ó.

Ó rántí Màmá Àgbà lórí ẹní. Igbá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àkànkẹ́," ni Màmá Àgbà wí lọ́jọ́ náà, "ibi tí sísán rẹ̀ parí sí ni kí o kọ́kọ́ dá lu. Dá a dúró ná, kí o tó rán an. Bí o kò bá dá a dúró, á máa lọ ni."

Á máa lọ ni. Safurat pariwo pe Bàbá Àgbà.

"Bàbá, ẹ wá wo igbá Màmá."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó."

"Ẹ wo ibi tí sísán rẹ̀ parí sí."

Bàbá Àgbà wọlé. Ó dúró níwájú ògiri. Ó na ọwọ́. Ó rọra gbé igbá náà sọ̀ kalẹ̀.

Ó fi ìka tọ ojú okùn lọ. Ó tọ̀ ọ́ lọ títí dé ìparí.

Ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Ihò kan ṣoṣo, tí okùn kò gbà kọjá. Lẹ́yìn ihò náà, igbá kò sán mọ́.

"Màmá ní ká kọ́kọ́ dá a dúró," ni Safurat wí. "A ò dá a dúró."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó," ni Bàbá Àgbà wí. "Mi ò rí i."

Ó fa agbọ̀n Màmá Àgbà jáde lábẹ́ ibùsùn. Irin ṣóńṣó wà nínú rẹ̀. Okùn tí wọ́n ti fi ìda pa wà nínú rẹ̀. Òórùn igbá gbígbẹ jáde.

Bàbá Àgbà jókòó ti agbọ̀n náà fúngbà díẹ̀. Safurat náà jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà, Bàbá Àgbà dìde. Ó dáná sí àdògán. Ó fi irin sínú ẹ̀yinná.

"Sún sẹ́yìn. Bo imú rẹ. Èéfín ike kò dára. Irin gbígbóná, iṣẹ́ àgbà ni."

Safurat sún sẹ́yìn. Ó bo imú.

Ṣìì. Ihò kan níbi tí sísán náà parí sí. Wọ́n dá a dúró.

Ṣìì. Ihò kan níhìn-ín. Ṣìì. Ihò kan lọ́hùn-ún.

Ṣìì níhìn-ín. Ṣìì lọ́hùn-ún. Títí dé etí ike.

Bàbá Àgbà gbé irin sọ́nà jíjìn. "Ó yá, wá fa okùn."

Safurat fi okùn wọ ibí. Ó fà á jáde lọ́hùn-ún. Ó wọ ibí. Ó jáde lọ́hùn-ún. Ó fẹ́ fà á gírí.

"Rọra," ni Bàbá Àgbà wí. "Ọrùn ẹyẹ ni."

Safurat rọra fà á. Orí ẹyẹ ń bọ̀. Ara ẹyẹ ń bọ̀. Wọ́n pàdé.

Bàbá Àgbà kán gúlù sẹ́yìn ike. Ó bu eérú tó kúnná lé e. Ó le bí òkúta.

"Tẹ̀ ẹ́ wò," ni Bàbá Àgbà wí.

Safurat fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó fetí sílẹ̀. Bàbá Àgbà fetí sílẹ̀.

Kò dún.

Ilẹ̀ mọ́. Mubaraq dé. Ike tuntun wà lábíyá rẹ̀, ó ń dán bí dígí.

Mubaraq rí lékèélékèé. Ó fi ìka kàn án. Kó, kó, kó. "Ta ló rán ọrùn ẹyẹ?"

"Àwa ni," ni Safurat wí. "Ọgbà adìyẹ ni a ti kọ́ ọ."

Mubaraq rẹ́rìn-ín títí. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mú tuntun rẹ padà, Mubaraq. O ṣeun. Ẹlòmíràn á fẹ́ ẹ."

Bàbá Àgbà de ike lékèélékèé padà fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ nu alùpùpù. Ó nù ún tán. Kò wọlé.

"Gùn ún," ni ó wí.

Tùpù-tùpù-tùpù.

Bàbá Àgbà jókòó síwájú. Safurat jókòó tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn Safurat ṣófo. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Wọ́n dé Ọjà Akẹ̀sán. Ìyá Deborah, tó ń ta iyọ̀, gbójú sókè. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Lékèélékèé dé o," ni ó wí.

"Lékèélékèé dé," ni aláta wí.

"Lékèélékèé dé," ni gbogbo ìsọ̀ ń wí títí dé ìdí ọjà.

Ìyá Deborah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ ojú okùn lọ. "Bàbá Mashood, iṣẹ́ Ìyá Mashood mà rèé. Bí wọ́n ṣe máa ń gán an gan-an nìyí. Ta ló gán eléyìí?"

Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé orí Safurat.

"Àkànkẹ́ ni," ni ó wí.

Safurat gbójú sókè wò ó.

"Àkànkẹ́," ni Bàbá Àgbà tún wí. "Ẹ wọn iyọ̀ fún wa. A ó máa lọ."

Wọ́n gba iyọ̀. Wọ́n gun alùpùpù. Lékèélékèé gbé orí sókè, ó ń wo ọ̀nà ilé.

Tùpù-tùpù-tùpù.