Ìgò Oyin Dúdú Tó Wà Lókè Pẹpẹ

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Wọ́n ti pè mí ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú títì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo wà níbẹ̀. Ojú mi là sílẹ̀, ọtí kò sì kan ètè mi ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò nínú ilé náà.

Ẹsẹ̀ ló gbé mi débẹ̀, ẹsẹ̀ náà ló dá mi dúró. Irin gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́nà, egbò náà sì kọ̀, kò jiná. Ẹni tó bá fi ìrìn jẹ ayé bíi tèmi mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti kọ iṣẹ́, ilé ọmọ ìyá ẹni ló kù. Mo forí lé ilé àbúrò mi, èyí tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláago.

Iyàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago bo ara ògiri. Wọ́n ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí méjì tí ẹnu wọn kò. Ẹ̀yìn iyàrá yẹn ni ilé ìdáná wà, níbẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn fún mi, torí ibẹ̀ ló lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ìyàwó tí mo bá nílé kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ti kú. Ọ̀nà jíjìn ni mo wà nígbà tí wọ́n sin ín. Èyí tuntun kéré lọ́jọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ mú. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó fa imú pọ̀.

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ nìyí àbí táyà?"

"Táyà ni. Bá mi lẹ̀ ẹ́."

"Oyin la máa fi lẹ̀ ẹ́."

Ìgbà tó na ọwọ́ sí pẹpẹ ni mo rí i pé oyin ilé yẹn kì í ṣe oríṣi kan. Oyin funfun wà, ó mọ́ bí omi tí oòrùn wọ̀. Ti inú tíì nìyẹn, torí kì í bo adùn tíì mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èyí tó ti dì, tó ń ṣe wínníwínní lẹ́nu bí iyanrìn. Ti orí búrẹ́dì nìyẹn, kì í ṣàn sí ènìyàn láṣọ. Afárá wà nínú abọ́ fún àlejò tó bá fẹ́ fẹnu fà á mu. Oyin kọ̀ọ̀kan ló ní ṣíbí onígi tirẹ̀. Ṣíbí ti ibí kì í wọ ìgò ti ọ̀hún.

"Òfin ìyáálé mi ni," ó ní, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní oyin kì í pàdé oyin. Ọmọ ìyá yín ò sì jẹ́ kí n yí i padà."

Lókè pátápátá, òun nìkan, ni ìgò oyin dúdú wà. Dúdú bí ojú kànga.

"Tọ̀hún ńkọ́?" mo bi í. "Oyin dúdú ló ń wo egbò." Ìyàwó tó kú ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

"Tiwọn nìyẹn. Àwọn ló fọwọ́ ara wọn yàn án kí wọ́n tó lọ. Funfun yìí ni tèmi, èmi ni mo rà á. Tèmi la máa lò."

Ó fi oyin funfun di ẹsẹ̀ náà. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ rọra." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí nígbàkigbà tí mo bá fẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́. "Bọ̀dá, ẹ rọra."

Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo pẹpẹ. Kí ni mo tún ní láti ṣe? Èèrà tò wá láti ojú fèrèsé. Wọ́n yí oyin funfun ká, wọ́n yí èyí tó dì ká. Nígbà tí wọ́n gòkè dé ibi ìgò dúdú, wọ́n pín sí méjì. Wọ́n yà fún un, bí èrò ṣe ń yà fún òkú ojú ọ̀nà. Ẹyọ kan kò kàn án.

Ìrọ̀lẹ́ dé, àbúrò mi wọlé wá mu tíì. Ó fi oyin funfun sí i, ó tọ́ ọ wò.

"Ó dùn," ó ní, bí ẹni tó ń kí aládùúgbò.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sókè. Ó ṣí ìgò dúdú, ó bu ṣíbí kan, ó lá a. Ó di ojú.

Ó pẹ́. Aago ń dún ní iyàrá kejì. Ìyàwó rẹ̀ dúró pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́, ó ń wo ìpéǹpéjú ọkọ rẹ̀. Mo ti rí ebi lójú ènìyàn ní oríṣiríṣi ọ̀nà. N kò rí irú ebi yẹn rí.

Nígbà tí ọkọ jáde, ìyàwó yíjú sí mi.

"Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

"Kí ni mo rí?"

"Ojú tó ń dì yẹn. Ibo ló ń lọ, Bọ̀dá? Tó bá tún là á, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dá mi mọ̀."

"Òkú lò ń jowú, ìyàwó."

"Tó bá jẹ́ alààyè ni, mi ò bá bá a jà. Mi ò bá bú u, kó bú mi padà, kí ara tu àwa méjèèjì. Èyí ńkọ́? Ibo ni mo ti fẹ́ rí i gbá mú?"

"Òjòwú ò lẹ́ran láyà," mo fi ṣẹ̀fẹ̀. "Wo bí egungun rẹ ṣe yọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò dúdú wá síwájú mi.

"Ẹ wò ó. Ó ń lá a lójoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Kò wálẹ̀ rí."

"Ó ń rà sí i ni."

"Kò rà. Mo ti ṣọ́ ọ."

Ó já fọ́nrán òwú pupa kan, ó so ó mọ́ ìgò náà lára, ibi tí oyin dé gan-an. Àbúrò mi lá oyin ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó tún lá a ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ìyàwó pè mí, ó kàn nàka sí i ni. Oyin náà ti ga ju òwú lọ.

Ìyàwó gbé e padà síbi tó wà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?" ó bi mí.

Mo ní ẹni jẹ́jẹ́ ni. Mo ní ó máa ń kun orin nímú tó bá ń dáná. Mo fi mọ síbẹ̀. N kò sọ fún un pé ẹ̀yìn ṣíbí ni ìyáálé rẹ̀ máa ń lá, kì í ṣe inú rẹ̀. N kò sì sọ orúkọ tó sọ mí. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó a máa sọ ará ilé ọkọ lórúkọ. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ló ń pè mí. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé orúkọ náà ti bá a wọlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, àbúrò mi gbé aago ògiri lọ fún oníbàárà. Ìyàwó gbé ìgò méjèèjì sílẹ̀, dúdú àti funfun.

"Bọ̀dá, ẹ má dá mi lẹ́kun."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ dà á mọ́ tèmi. Tó bá ti wọnú tèmi, tèmi ló ń lá. Kó wá di ojú. Èmi ló máa rí níbẹ̀."

"Ṣebí wọ́n ní oyin kì í pàdé oyin."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Òkú?"

Ìgò tirẹ̀ tóbi, kò sì kún. Ó yí ìgò dúdú dojú dé e. Oyin náà kò já bọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí okùn tí ẹnìkan ń tú láti òkè. Nígbà tó tán, ó ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó rò ó.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró kan. Mo kọ́kọ́ rò pé kòkòrò oyin kan ló há sínú ìgò. Ó ń kùn. Òjò ń na páànù lókè wa, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ ketekete. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé ó ní orin nínú. Ó dákẹ́ nínú ìgò. Kò dákẹ́ nínú ilé. Imú ìyàwó ló ti ń jáde wá.

Ó gbé ṣíbí sókè. Ó yí i padà. Ó lá ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyàwó," mo pè é.

Mo tún pè é. Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè láti iyàrá tó jìnnà.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi lá nínú rẹ̀. Kò di ojú. Ó là á gbòò, ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ó rẹ́rìn-ín kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré wa. Mo ní, ó dáa, obìnrin yìí ti rí ohun tó ń wá. Ó wá gbé oúnjẹ síwájú mi.

"Ẹsẹ̀-ò-gbélé," ó ní, "ẹ sún mọ́ oúnjẹ."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi.

"Ìwọ lo sọ orúkọ yẹn fún un?" mo bi í.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ṣíbí, ó nù ún. Omi kún ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oyin méjèèjì ti kọ ara wọn. Dúdú wà nísàlẹ̀, funfun wà lókè, ààlà wọn gún bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ là. Obìnrin náà ń bu funfun kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ń dà á sínú ìgò dúdú tó ti ṣófo, èyí tí òwú pupa ṣì wà lára rẹ̀. Ó dé e pinpin. Ó gbé e sókè pátápátá, bí ẹni tó ti ènìyàn mọ́ inú ilé.

Dúdú ló fi di ẹsẹ̀ mi láti ọjọ́ náà. Egbò tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ padé kíákíá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú mi ló ṣe.

"Ẹ ò rí i?" ó ní. "Ṣebí mo ti kọ́ yín tipẹ́."

Mo padà sí èèrà mi. Wọ́n gun pẹpẹ. Wọ́n dé ibi oyin funfun lókè, wọ́n pín sí méjì, wọ́n yà fún un. Ìsàlẹ̀ òwú ni oyin náà wà nígbà tó gbé e síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé òwú. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan kún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi gbé ife tíì dání.

"Oyin funfun yẹn ńkọ́?"

"Ó ti tán," obìnrin náà ní.

Àbúrò mi gbé ife sílẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sókè pẹpẹ. Obìnrin náà rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ.

Mo di àpò mi ní ọjọ́ náà. Obìnrin náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ, mo ń wò ó lójú fèrèsé. Mo fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láti dìde.

"Bọ̀dá, ẹ rọra."

Ohùn jẹ́jẹ́. Èmi àti pẹpẹ nìkan la wà níbẹ̀.

N kò tíì mí nígbà tí àbúrò mi wọlé. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó na ọwọ́ sókè, ó ṣí ìgò olówùú pupa, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a.

Ó di ojú.

Ó pẹ́. Aago ń dún. Mo yíjú sí fèrèsé. Èyí tó ń sá aṣọ kò sá a mọ́. Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Ìpéǹpéjú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Mo ti rí ebi yẹn rí, lójú kan náà.

Mo gbé àpò mi, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú, n kò dágbére.

Ẹsẹ̀ mi ti jiná. Ojú ọ̀nà ni mo ṣì ń sùn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, èèrà a sì máa gùn mí láti orí dé orúnkún. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n á pín sí méjì.