Irin Tó Ń Pe Ọmọ Sí Kíláàsì

"Bàbá àgbà, ta ló fún ilé-ìwé wa ní agogo?"

Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọbìnrin tó béèrè yìí, nítorí kò lè tọrọ omi mímu kó má fi ọ̀rọ̀ ńlá mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Òun ni ọ̀gá àgbà yàn pé kó kọ ìtàn ilé-ìwé wọn, kó sì kà á lọ́jọ́ tí ilé-ìwé náà bá pé ogójì ọdún.

Bàbá àgbà ń lẹ táyà lọ́wọ́ lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ tó dojú kọ géètì. Ó nu ọwọ́ sí àkísà.

"Èmi ni. Yàrá méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú níbí. Tíṣà á máa pariwo pe ọmọ títí ohùn rẹ̀ á fi há. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé irin àárín táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ́ sára igi. Òun náà ni wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn títí tí kò fi jọ irin mọ́tò mọ́ yẹn."

Ọ̀mọ̀wé wo ọwọ́ bàbá náà, tí gírísì ti kọ́lé sí èékánná rẹ̀. Ó rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi mọ́tò baba wọn yangàn. Ó kọ ọ́ pé: "Agogo ológo wa gun ọkọ̀ ojú omi wá láti òkè òkun."

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Bàbá àgbà fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ ọwọ́ títí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé kà á dé ibi agogo, ojú bàbá náà wálẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tirẹ̀ ló dún jù.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Ọ̀mọ̀wé kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Dókítà obìnrin kan, tó wà lára àwọn ọmọ tí ilé-ìwé náà kọ́kọ́ gbà, dìde.

"Ọmọ mi, o kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n agogo yẹn ò mọ òkun. Bàbá kan tí wọ́n ń lẹ táyà ni wọ́n gbé e kọ́ fún wa. Tí wọ́n bá rí i pé mo pẹ́, tí mò ń sáré bọ̀, wọ́n á bẹ tíṣà pé kó rọra máa lu agogo náà kí n lè dé kó tó dákẹ́. Àwọn ni mo tìtorí wọn wá. Ṣé wọ́n ṣì wà?"

Bàbá àgbà ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ló jẹ̀bi. Ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, Bàbá àgbà á rọra jáde lọ ni, kí ojú má baà ti òun.

Ọ̀rọ̀ ńlá kankan ò wá sí i lẹ́nu. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó rìn dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ líle náà mú.

"Àwọn nìyí. Bàbá mi àgbà ni. Wọ́n sọ òtítọ́ fún mi, èmi ni mo purọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà gba ìwé náà. "Wàá tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn tá a fẹ́ fún ẹ dúró ná."

Dókítà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá àgbà wò ó dáadáa. "Ìwọ yìí, ṣé o ti ń tètè dé báyìí?"

Lọ́nà ilé, Ọ̀mọ̀wé ń sunkún. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mi ò bínú. Àmọ́, láti òkè òkun? Bí irin yẹn ṣe wúwo tó? Ta ló máa rù ú?"

Ẹ̀rín gba ẹkún lẹ́nu rẹ̀.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀yin ọmọ, ọwọ́ tó dúdú kí tiyín lè mọ́, ẹ má fi pamọ́.