Olùkọ́ Tó Ń Fi Àṣìṣe Rẹ̀ Han Ayé

Ọwọ́ obìnrin náà ni ọkùnrin kan kọ́kọ́ rí lójú fóònù rẹ̀: ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀kì bò, tó ń nu ìṣirò kúrò lára pátákó. Ohùn kan ń sọ pé, "Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tí mo kọ́ wọn lónìí dàrú pátápátá. Ẹ wá wo ibi tí mo ti ṣì í." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Iṣẹ́ tó dáa ni àwọn olùkọ́ yòókù máa ń gbé sórí ìkànnì. Èyí tó bàjẹ́ ni obìnrin yìí máa ń gbé síbẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a tún un ṣe. Kì í fojú hàn, kì í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ Aláṣìṣe ni gbogbo wọn ń pè é.

Ọkùnrin náà kọ̀wé sí i pé kó fi búrẹ́dì ṣàlàyé ìdá fún àwọn ọmọ. Obìnrin náà gbìyànjú ẹ̀, ó sì yọrí. Bí wọ́n ṣe kúrò lórí ìṣirò nìyẹn, tí wọ́n bọ́ sórí ìpè fóònù. Oṣù mẹ́jọ gbáko, ohùn ni wọ́n fi mọ ara wọn, wọn ò tíì fojú rí ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni Àtúnṣe ni obìnrin náà ń pè é. Ọkùnrin náà ti sọ fún un pé òun ṣe olùkọ́ rí, àmọ́ kò sọ pé alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ni òun báyìí. Olùkọ́ wo ló fẹ́ràn alábẹ̀wò?

Lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pe ọkùnrin náà àti ọ̀gá méjì kan, tí ọ̀kan jẹ́ alága, láti gbọ́ ẹjọ́ olùkọ́ kan. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fẹjọ́ sùn pé olùkọ́ náà gbé àṣìṣe ọmọ òun sórí ìkànnì kí ayé lè fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ náà nìyẹn.

Obìnrin kan wọlé, ó gbọ́wọ́ lé tábìlì.  Ọkùnrin náà mọ ọwọ́ yẹn, òun ló ti ń rí nínú fídíò. Òun ló sì kàn láti béèrè ọ̀rọ̀.

"Olùkọ́, ta ló ṣe àṣìṣe inú fídíò yìí?"

Obìnrin náà gbójú sókè lójijì. Òun náà ti dá ohùn Ọ̀gbẹ́ni Àtúnṣe mọ̀.

Alága ti fajú ro láti àárọ̀. Bí ọkùnrin náà kò bá jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ ọ́n, ó lè gbà á sílẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó jáde, á sì ku obìnrin náà nìkan síbẹ̀.  Ọkùnrin náà dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò lè dá ẹjọ́ yìí. Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló jẹ́ sí ọ?" alága béèrè.

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni."

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní kó jáde.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn ìyá akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lọ sókè nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, wọ́n tan fídíò náà látìbẹ̀rẹ̀. Àgékù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ìyá náà nìkan ló ti rí tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkùnrin náà gbọ́ ohùn olùkọ́ náà nínú fídíò: "Ọmọ yìí ò ṣì í. Bí mo ṣe kọ́ ọ ló ṣe é. Èmi ni mo jẹ̀bi." 

Ìyá náà ló kọ́kọ́ jáde, ó ń nu ojú. Olùkọ́ tẹ̀ lé e.

"Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ," ó ní, "kí n máa gbàyè lọ́wọ́ òbí kí n tó gbé iṣẹ́ ọmọ sórí ìkànnì." Ọkùnrin náà fẹ́ dìde, obìnrin náà ní, "Jókòó. O ò sọ fún mi pé alábẹ̀wò ni ọ́. O tún jáde, o fi mí sílẹ̀ síbẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá sì dúró, wọ́n á ní torí ìfẹ́ lo ṣe jàre. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kó gbà ọ́."

Inú ṣì ń bí obìnrin náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó jókòó tì í.

"Èmi ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ fún pé o fẹ́ fẹ́ mi, kì í ṣe alága. Tún un sọ."

Ọkùnrin náà tún un sọ.

"Mo gbà," ni obìnrin náà wí. "Lọ́jọ́ Sátidé, wá bá bàbá mi. Òun náà á bi ọ́ ní ìbéèrè o, kò sì sẹ́ni tó máa ní kó o jáde."