Aṣọ́fun Ìbídùn

Omi tí Ìbídùn gbé mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò wọlé. Ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó sì gba imú padà jáde. Mòrádékẹ́, ìyá rẹ̀, bu díẹ̀ sí i lẹ́nu pẹ̀lú ṣíbí, ìyẹn náà padà. Láti àná ni oúnjẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí omi náà kọ̀, ẹ̀rù ba gbogbo ilé.

Ní ìlú Àtẹ̀gùn, tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀ dó sínú òṣùpá, kò sí ọmọ tí kò ní aṣọ́fun. Ẹ̀rọ ni, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ọ̀fun ọmọ ni wọ́n sì ń fi í sí ní ọdún mẹ́ta. Sísanra jù àwọn ọmọ ìlú náà ló ti di àìsàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é. Òbí a máa sọ gbogbo oúnjẹ tó bá fún ọmọ fún ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ti tó, aṣọ́fun a pa ọ̀fun dé. Ó rọ àwọn òbí lọ́rùn púpọ̀. Ta ló tún fẹ́ máa bá ọmọ jà nídìí abọ́?

Ọ̀mọ̀wé Adéọtí tó ṣe ẹ̀rọ náà ló wá fúnra rẹ̀. Ó gbé dígí rẹ̀, tó ń fi ohun tí aṣọ́fun ń sọ hàn, lé ọmọ náà lọ́rùn, ó wò ó títí.

"Ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́. Oúnjẹ kan ń wọlé tí ẹ ò sọ fún un, ó sì ti pẹ́. Kò gbà yín gbọ́ mọ́, ló ṣe ti ọ̀fun pa. Àfi kí ẹni tó ń fún un jẹ́wọ́."

"Yọ ọ́ kúrò!" Ìyá Àgbà, tó bí bàbá ọmọ náà, ló pariwo.

"Ó ti wọnú ẹran ara, Mà. Bí mo bá fà á yọ, ọmọ yìí lè kú."

"Ṣé ẹ̀rọ ni yóò wá máa bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ wa?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ọmọ yín lé e lọ́wọ́, Mà."

Mòrádékẹ́ búra pé òun ò fún un ní nǹkan kan. Láníyọnu, ọkọ rẹ̀, ń wo ọmọ náà. Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tó ń kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má fi oúnjẹ kankan pamọ́ fún aṣọ́fun. Ètè ọmọ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń là. Ó kúnlẹ̀ tì í.

"Èmi ni," ó wí. "Mo máa ń ṣẹ́ iyán àti ẹran kù sínú abọ́ mi. Ìbídùn ló ń gbé abọ́ lọ fọ̀, á sì jẹ ẹ́. Bàbá mi náà máa ń ṣẹ́ kù fún mi. Mi ò ka àjẹkù sí oúnjẹ."

Nǹkan kan dún kọ̀ọ́ nínú ọ̀fun Ìbídùn. Mòrádékẹ́ fún un lómi. Omi wọlé! Ìyá Àgbà bú sẹ́kún.

"Aṣọ́fun ti kú," ni Adéọtí wí. "Ó ti ṣí ọ̀fun, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tó tàn án jẹ mọ́."

"Kó kú pátápátá!" ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ìbídùn mú ṣíbí, ṣùgbọ́n kò jẹ. Ó wo dígí Adéọtí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí yóò sọ fún un bóyá kó jẹ. Ojú rẹ̀ kún fún ìpayà.

"Bàbá," ó béèrè, "ṣé ebi ń pa mí?"

Láníyọnu la ẹnu láti dá a lóhùn. Ẹ̀rù bà á ju ti ìṣáájú lọ, nítorí òun náà kò mọ̀.