Ọmọ Ràfíátù

"Tí wọ́n bá fẹ́ ju ọmọ nù, kí wọ́n fi owó tiwọn jù ú nù, kì í ṣe owó wa!"

Aunty Mìsítúrà ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn ará Ẹgbẹ́ Àlùbáríkà ní Peckham, nílùú Òyìnbó, ń jiyàn lórí ibi tí sàdáákà ọdún yìí yóò lọ. Nọ́ọ̀sì Tinúadé, agbẹ̀bí tí wọ́n pè wá, ti ṣàlàyé tán. Òun àtàwọn kan fẹ́ kí ìjọba fàyè gba ilé tí ìyá tí ọ̀ràn dojú rú fún ti lè fi ọmọ tuntun lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, láìsí pé ọlọ́pàá ń lé e kiri. Owó ìpolongo ni wọ́n ń wá.

Bàrákàt, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Kíkí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Orí àtẹ̀gùn ilé kan ní Walworth ni wọ́n ti rí òun náà ní jòjòló. Ràfíátù, tó gbà á tọ́, kò fi pa mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ràfíátù kó láti Stockwell wá sí Peckham pẹ̀lú ọmọ náà, àwọn ará ẹgbẹ́ gbà pé òun ló bí i, kò sì já wọn nírọ́. Ojú rẹ̀ ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn tó ń bi í ìgbà tí yóò bímọ. Àṣírí náà ò kọjá ọ̀dọ̀ ìyá, ọmọ àti Kíkí.

"Aunty, a ò ní kí ẹnikẹ́ni ju ọmọ nù," Nọ́ọ̀sì Tinúadé fèsì. "Ọmọ tí wọ́n ì bá fi sílẹ̀ nínú òtútù là ń wá ibi gbé sí."

"Ẹ jẹ́ ká fi owó náà ṣe lesson fún àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣe ìdánwò GCSE," Aunty Mìsítúrà wí. "Àwọn yẹn, a mọ̀ wọ́n. Ta ló mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ tí wọ́n ṣà nílẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àbá lesson náà ò burú. Bàrákàt gan-an wà lára àwọn tí yóò jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ló gún un lọ́kàn. Bó ṣe fẹ́ dìde, Kíkí fa aṣọ rẹ̀.

"Allow it, fi sílẹ̀ jàre. Tó o bá sọ ọ́, gbogbo school máa mọ̀ by tomorrow. Mummy ẹ ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ní òpùrọ́ ni wọ́n."

Òótọ́ ni Kíkí sọ, ìyẹn ló sì dunni jù. Bàrákàt wo iwájú. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n bá wí. Bàrákàt ò lè fara dà á. Ó nawọ́ sókè.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, ọmọdé kì í dédé sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́, àwọn àgbà á ṣàdúà fún òbí rẹ̀, kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Dìde, ọmọ dáadáa," Alhaji Làtíìfù, alága wọn, wí. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

Bàrákàt dìde.

"Bàrákàt lorúkọ mi, sà. Obìnrin tó bí mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Orí staircase ni wọ́n ti rí mi, ní January, nínú òtútù. Ká ní ọkùnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ ò gbọ́ igbe mi ni, mi ò ní sí níbí. Aunty ní ta ló mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi. Èmi náà ò mọ̀, ma. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ojú gbogbo sì yí sí Ràfíátù. Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Mo jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé èmi ni mo bí i. Ẹ má bínú. Ẹnu yín ni mò ń sá fún. Lónìí, ọmọ yìí ti kọ́ mi ní ìgboyà. Ọmọ mi ni, ọmọ Ràfíátù ni. Alága, ẹ ò tíì ṣàdúà fún òbí ẹ̀."

Alhaji Làtíìfù bọ́ fìlà rẹ̀. "Ọlọ́hun á jẹ́ kó o jẹun ọmọ, Ràfíátù."

"Àmín!" Ohùn wọn gba inú ilé kan. Ràfíátù sunkún, ṣùgbọ́n kò tẹrí ba.

Nígbà tí wọ́n dìbò, àwọn tó nawọ́ fún ìpolongo Nọ́ọ̀sì Tinúadé ló pọ̀ jù. Aunty Mìsítúrà ò nawọ́, kò sì kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìwé lóòótọ́. Zion, tó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo èèyàn, bi Bàrákàt bóyá inú bin tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni wọ́n ti rí i.

"Staircase ni," Bàrákàt dá a lóhùn. "Tó o bá fẹ́ sọ ìtàn mi, sọ ọ́ dáadáa."

Ó gbórí sókè, ó wọ kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín: ibi tí wọ́n ti rí èèyàn ò sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ. Tí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu yín bá lè gba ẹ̀mí ọmọ mìíràn là, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín gbé e mì.